Oyin Tí A Fi Ń Fọ Òróòro

Bísímílàhì. Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀dọ̀ rẹ kò dára, tí àwọn ará ilé rẹ sì ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kọ̀rọ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Jókòó ná. Mi ò lọ ilé ìwé. Kéwú díẹ̀ ni mo kà ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin níbí, kí wọ́n tó mú mi lọ́kọ. Ráfíátù, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Malete, ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi gírámà sí i. Obìnrin kan ló bi mí lọ́jà lọ́jọ́ kan pé ṣé òótọ́ ni pé àìsàn ẹ̀dọ̀ lè bí àtọ̀gbẹ, èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọjà ń lọ lọ́wọ́, mi ò ráyè dá a lóhùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìbéèrè yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká.

Ó kọ́kọ́ dà bí ọ̀lẹ. Káún ni mò ń tà ní ọjà Ipata, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tà á. Èmi tí mo máa ń fa àpò káún bọ́ sílẹ̀ lórí ọmọlanke fúnra mi, ó wá di pé kí n jókòó ti àpò náà lásán, ó ń rẹ̀ mí. Oúnjẹ kò wù mí. Bí wọ́n bá gbé epo kaná ní ìsọ̀ kẹta, èébì á ti gùn mí dé ọ̀fun. Ìtọ̀ mi wá dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo dákẹ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ta ni yóò máa ròyìn ìtọ̀ rẹ̀ fún?

Obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ó ní, "Hájíyà, ojú ẹ ti pọ́n bíi máńgòrò." Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mo bu káún fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo délé, orogún mi fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, ó sì pariwo. Sàlámátù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ wa ti kú, kí Ọlọ́run forí jì í, ó sì fi àwa méjèèjì sílẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Èmi ni ìyáálé. Òun ti ní ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni mo ṣì ń pè é, Ìyàwó náà ni yóò sì máa jẹ́. Ogójì ọdún la fi jà, ìjà náà kò tíì tán.

Ó ní, "Yéè! Ìyáálé, òróòro ti bẹ́ mọ́ yín nínú!"

Mo ní, "Òróòro ta ni?"

Ó ní, "Tiyín náà ni. Ẹ ò rántí àgbò Iléyá? Bí ẹni tó ń kun ẹran kò bá mọ ọ̀bẹ dì mú, ṣebí òróòro ló ń bẹ́ sára ẹ̀dọ̀, tí ẹ̀dọ̀ á korò bí ewúro? Kí la máa ń ṣe fún un?"

Mo ní, "A máa ń fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí la ó wá fi fọ ti inú ènìyàn? Ohun dídùn ni. Kí ló tún ń pa ìkorò?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ráfíátù ń rẹ́rìn-ín. Kó máa kọ ọ́ lọ.

Àkọ́bí mi, Jímọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kò dúró gbọ́ ti òróòro. Bí a ṣe kírun àsùbáà tán, ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di ọsibítù. A rò pé àwa la máa ṣíwájú. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé mo bi Jímọ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pe ẹnìkan wọlé, gbogbo wa á fi ìdí wọ́ síwájú díẹ̀. Ìdí ni mo fi rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí n tó débẹ̀, àwọn ará bẹ́ǹṣì ti sọ fún mi pé ibà ni, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ayé ni. Bàbá kan tí orúnkún ń dùn ní oyún ni. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí.

Dókítà náà, ọmọbìnrin ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, kò tíì tó ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn. Ó kí mi dáadáa lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń mutí?"

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Ọtí, Màmá. Bíà, ògógóró, ohunkóhun."

Mo wo Jímọ̀. Jímọ̀ wo àjà. Mo ní, "Àsítágáfírúláì! Èmi? Hájíyà tó ti dé Mẹ́kà, tó ti jábàlì lẹ́ẹ̀kan? Jímọ̀, gbé bàtà mi fún mi, à ń lọ ilé!" Dókítà bẹ̀ mí, ó ní gbogbo ènìyàn tí ẹ̀dọ̀ bá ń dà láàmú làwọn ń bi bẹ́ẹ̀. Ó tún bi mí bóyá wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún mi rí. Mo ní, "Èwo nínú rẹ̀? Ti orí fífọ́ ni, ti ẹ̀yìn dídùn ni, àbí ti kí ọkọ má lè mú ìyàwó kejì?" Ó wo Jímọ̀, ó bo ẹnu. Mo ní, "Ìyẹn kò jẹ́. Ẹni tí ọkọ náà mú ló wà nílé."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún wa pé kòkòrò kan ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè jẹ́ láti ọdún gbọgbọrọ, pé abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo agbo ilé lè ti gbé e wọlé. Ó ní oríṣiríṣi ló wà, lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n, tèmi ni Síì. Ẹ gbọ́ o. Lẹ́tà òyìnbó kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé mi, inú ẹ̀jẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ó ní oògùn wà fún un, pé oṣù mẹ́ta ni mo máa fi lò ó, kí n má sì fi àgbo kankan kún un. Ní ibi tí a ti tò láti gba oògùn, obìnrin kan rí omi lójú mi, ó ní, "Màmá, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro." Mo ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́."

Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀dọ̀ pa. Ikùn rẹ̀ wú bíi ti aboyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pín aṣọ mi fún àwọn ènìyàn. Mo fún Sàlámátù ní àrán mi tó dára jù, ó sì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó bọ́ ọ o, mi ò tíì kú. Oògùn náà wọ́n. Jímọ̀ kò sọ fún mi pé òun ta alùpùpù òun. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ̀, nítorí ẹni tó máa ń gun alùpùpù dé ló bẹ̀rẹ̀ sí fi bàtà wọ́lẹ̀ bọ̀ láti ìta.

Mò ń lo oògùn, Sàlámátù náà ń fọ òróòro. Oyin láàárọ̀, oyin lọ́sàn-án, oyin lálẹ́. Ó ń po gúlúkóòsì sínú omi fún mi. Ó ń bó ìrèké fún mi, ó ń gé e wẹ́wẹ́ nítorí eyín mi. Ó ń fi dàbínù sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni pé à ń ṣínu. Ààfáà wa kọ Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́ sómi fún mi mu, hántú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sí àléébù níbẹ̀. Sàlámátù ló da oyin sí i títí tó fi nípọn bí àdí. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Mi ò tíì ṣàìsàn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹnu Ìlọrin dùn ju iyọ̀. Tèmi dùn ju ṣúgà.

Ojú mi sì ń funfun. Ìtọ̀ mi ń mọ́. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oyin la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, òǹgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ mí. Bí mo bá mu agolo omi mẹ́ta, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló mu ún. Gbogbo ohun tí mo mu ni mo sì ń tọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí èèrà tò láti ẹsẹ̀ ògiri wá sí ibi tí mo tọ̀ sí lẹ́yìn balùwẹ̀. Mo pe Sàlámátù kó wá wò ó. Ó tẹríba wò ó dáadáa, ó ní, "Ìyáálé, àlùbáríkà hántú ni! Àní èèrà mọ̀ ọ́n." Inú mi dùn. Mo ní àwọn èèrà mùmíní nìyí. A fi wọ́n sílẹ̀, a kò gbá wọn.

Mo ń rù. Bùbá mi ń yọ̀ kúrò léjìká. Ojú mi ń ṣú, débi pé mo kí ewúrẹ́ ará ilé kejì "ẹ káàárọ̀ o", mo sì bínú pé kò dá mi lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣàlùwàlá fún ìrun, mi ò lè dìde mọ́. Jímọ̀ ló gbé mi.

Ní ọsibítù, wọ́n gún mi ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó pe ẹlòmíràn wá wò ó. Ó ní ẹ̀rọ náà kò lè ka iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti kọjá ibi tó mọ ìṣirò dé. Wọ́n dá mi dúró níbẹ̀, wọ́n fa omi sí mi lára. Nígbà tí ojú mi là, Jímọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ti ń jẹ?" Mo kà á fún un, láti orí oyin títí dé dàbínù. Bí mo ṣe ń kà á ni ojú rẹ̀ ń dúdú.

Nígbà tí a padà délé, kò jẹ́ kí n jókòó kó tó pe ìpàdé. Ó ní, "Ìyá Kékeré, mo ta ohun tí mò ń gùn kí ìyá mi má bàa kú, ẹ̀yin ń fi oyin pa á. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹ fi ṣúgà kún un. Láti òní lọ, kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ yín mọ́."

Mo retí kí Sàlámátù fèsì. Ẹni tí mo mọ̀ yìí, bí ẹ bá ní "ẹ kú àárọ̀", ó lè bá yín jiyàn. Ó kàn dìde ni. Ó gbé sítóòfù rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wọlé. Oúnjẹ tí ìyàwó Jímọ̀ ń sè wá kò lábùkù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè bá jà bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ pé Sàlámátù ti ń di ẹrù. Ó fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Jẹ́bà, bí a bá kírun ọjọ́ Jímọ̀ tán, ó ń lọ nìyẹn.

Mi ò sùn dáadáa. Mo ń bi ara mi pé, bí ó bá jẹ́ oyin ló ṣe mí báyìí, ó dáa, kó lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló bí ṣúgà yìí ńkọ́? A ti lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ àyẹ̀wò mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. "Ìyàwó, wá bá mi gbé báàgì dé ọsibítù."

Ó ní, "Ẹ pe ọmọ yín."

"Ọmọ mi ń wá takisí. Ta ni ìyáálé nínú ilé yìí?"

Ó jáde. Ó gbé báàgì náà, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kó má bàa jókòó tì mí. Jímọ̀ ń wo ojú fèrèsé.

Bí a ṣe wọlé sọ́dọ̀ dókítà, mi ò jẹ́ kó wọn nǹkan kan. Mo ní, "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán, fi Ọlọ́run sọ òótọ́. Ṣé àìsàn ẹ̀dọ̀ lè di àtọ̀gbẹ, àbí orogún mi ló fi oyin fún mi?"

Ó wò wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ó sì yé e pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ní, "Màmá, ó lè di àtọ̀gbẹ. Ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí, tó ti ń bù ú jáde díẹ̀díẹ̀. Irú kòkòrò tiyín yìí, bó bá pẹ́ lára, ó lè ba àká náà jẹ́, kí ṣúgà máa ya sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò náà ló ń rí bẹ́ẹ̀ fún o. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìdílé náà wà níbẹ̀."

Jímọ̀ ní, "Oyin ńkọ́?"

Ó ní, "Oyin kọ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n oyin pọ̀n ọ́n, ó sì sáré pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà yìí ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó fi oyin kan ẹnu."

Mo ní, "Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Màmá, kóòtù kọ́ nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣàyẹ̀wò fún Màmá Kékeré náà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí wọ́n jọ lo abẹ kan náà yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, a ó sì wo ṣúgà mọ́ ọn."

Sàlámátù ní òun ò ṣe. Ó ní òun ò lẹ́dọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì gún un ní ìka kó tó parí àlàyé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí èsì tó jáde. Èmi ni mo jókòó sáàárín òun àti Jímọ̀.

Nígbà tí wọ́n pè wá padà, dókítà ní ẹ̀dọ̀ Sàlámátù mọ́ tónítóní. Ó ní ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ ga, ó ga ju tèmi lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Báwo? Ìyàwó, ṣé ìwọ náà ní òróòro ni?"

Ó wolẹ̀ títí. Ó ní, "Ìyáálé, mò ń tọ́ ọ wò ni."

"Ò ń tọ́ kí ni wò?"

"Oyin. Gúlúkóòsì. Gbogbo rẹ̀. Orogún yín ni mí. Bí nǹkan bá ṣe yín, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ nàka sí? Bí mo bá ti bu ṣíbí kan fún yín, màá kọ́kọ́ bu ṣíbí kan sẹ́nu ara mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi májèlé sí i."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní àtọ̀gbẹ kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà wọlé, pé tèmi lè gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá, kí ti Sàlámátù má mọ ilé ẹ̀dọ̀ rárá. Jímọ̀ dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, a tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì níwájú Sàlámátù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní, "Bàbá, kí lẹ sọnù?"

Sàlámátù ní, "Ọgbọ́n rẹ̀ ni. Dìde, Jímọ̀. Aṣọ tí ìwọ ò ní fọ̀ fúnra rẹ lò ń fi nulẹ̀."

Mo ní, "Ìyàwó, ó dára. Ogójì ọdún lo fi du ipò ìyáálé lọ́wọ́ mi. O ti gbà á lórí ṣúgà."

Ó tú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sítóòfù padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nísinsìnyí, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí kòkòrò náà mọ́, alihamudulilahi. Wọ́n ní àpá rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀dọ̀, nítorí náà mo ṣì ń lọ kí wọ́n máa wò ó. Ṣúgà kò lọ. Ó ti di ayálégbé, ṣùgbọ́n a ti fi òfin dè é. Àwa méjèèjì ń lo oògùn, a sì ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ láti Gàmbàrí lọ sí Ipata, à ń jà lọ, à ń jà bọ̀. Ojú mi ti là. Mi ò kí ewúrẹ́ mọ́.

Ìwọ tí ojú rẹ pọ́n bíi tèmi, má jẹ́ kí wọ́n fi oyin fọ̀ ọ́. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, bí wọ́n bá sì ti wo ẹ̀dọ̀, ní kí wọ́n wo ṣúgà náà, kó má bàa dé bá ọ lójijì. Bí o bá rí èèrà níbi tí o tọ̀ sí, àlùbáríkà kọ́. Lo oògùn rẹ títí yóò fi tán. Kí ẹ sì tó pe ìpàdé lé ẹnikẹ́ni lórí nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Kò sí ẹni tí ìbéèrè pa.

Ráfíátù, ó tó báyìí, Sàlámátù ti gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ó ti bu ṣíbí kan, ó ti tọ́ ọ wò níwájú mi, ó fajú ro. Ó ní, "Ìyáálé, kò dùn rárá o."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun. Gbé e wá."